Ìlú Tí Odò Náà Dé Gbẹ̀yìn

Mo rántí ìgbà tí òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan máa ń bá mi wọ inú àlá ní Lálúpọn, nígbà tí mo parí ilé ìwé gíga tí mo jókòó sílé tí mò ń wá iṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló kọ́ èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ ní eré kan tí wọ́n rí ní yunifásítì. Ẹnì kan á dá ayé kan sílẹ̀, á máa ròyìn rẹ̀. Àwọn yòókù á yan ẹni tí wọ́n fẹ́ jẹ́ nínú ayé náà, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á wá da ọmọ lúdò láti mọ̀ bóyá ó máa ṣeé ṣe. Èmi ni wọ́n ní kí n dá ayé sílẹ̀.

Mo ya ààfin rẹpẹtẹ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan, mo fi wúrà bo gbogbo òrùlé wọn. Inú mi dùn débi pé mò ń rẹ́rìn-ín sí ara mi. Ọ̀rẹ́ mi wò ó títí.

"Kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀?"

 Ni mo bá tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí odò. Àwọn ará òkè ń fi omi rẹ̀ gbin ìrẹsì, àwọn ará ìsàlẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé iyọ̀ wá fi gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Bí ará òkè bá sé omi, ebi á pa ará ìsàlẹ̀. Bí ará ìsàlẹ̀ bá bínú, ọbẹ̀ ará òkè ò ní dùn mọ́. Bí mo bá fọwọ́ kan ìlú kan, òmíràn á mì lọ́nà jíjìn. Mo lè máa yan gàrí fún ìyá mi kí n máa rìn ládùúgbò tí kò sí níbì kankan, títí wọ́n á fi pariwo pé gàrí ti ń jó.

Lákòókò òjò ọdún yẹn, ìyá ọ̀rẹ́ mi kú. Ọ̀rẹ́ mi ò ránṣọ mọ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrun alásárì, á wá jókòó tì wá lábẹ́ igi máńgòrò. Òun ló ń wa ọkọ̀ ojú omi nínú eré wa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó la ẹnu.

"Odò yìí, ibo ló parí sí? Ṣé ìyá mi ò lè wà níbẹ̀?"

"Rárá o," ni bọ̀ọ̀dá mi sọ. "Eré la ń ṣe. Ẹ má fi òkú ṣeré."

 Bí mo bá kọ̀, ó lè wọlé lọ kó má jáde mọ́. Bí mo bá gbà, ẹnu wo ni màá fi sọ̀rọ̀ ní ipò ìyá rẹ̀?

"Ìlú kan wà níbẹ̀," ni mo sọ. "Da ọmọ lúdò."

"Mi ò dà á. Mò ń lọ ni."

Mo ròyìn ìkùukùu, àti èbúté tó dákẹ́, àti obìnrin kan tó ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n sún fún ẹ lórí àga, wọ́n da ẹ̀wà díẹ̀ sí ẹ lọ́wọ́."

Ọ̀rẹ́ mi la àtẹ́lẹwọ́. Ó ń fi ìka ṣa ohun tí a ò rí, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó pẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi tó nujú.

"Ó yẹ kí n máa lọ," ló sọ. "Àwọn ará òkè ń retí iyọ̀ wọn."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti ilé wa.

Ẹgbẹ́dá ni mò ń gbé báyìí. Mo máa ń dá irú ayé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí mi ò rí rí, tí wọ́n ń ṣeré náà káàkiri. Ṣùgbọ́n kò dá mi lójú rí pé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà. Láìpẹ́ yìí ni mo bi ọ̀rẹ́ mi léèrè nípa rẹ̀. 

"Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé kí n mú sùúrù nígbà yẹn," ló sọ. "Ẹ̀yin méjì nìkan lẹ bá mi débẹ̀."