Àwo Ẹ̀yẹ Bísọ́lá àti Fọ́tò Alága

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, màmá kan gbé àwo ẹ̀yẹ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe padà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Bajúláyé. Òórùn ẹja yíyan ló ṣáájú wọn wọlé, torí etí ọ̀sà Bàrígà ni wọ́n ti ń yan ẹja tà. Wọ́n rọra gbé àwo náà sórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá orúkọ ọmọ mi níbẹ̀."

Mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀. Yéè! Kò sí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ orúkọ sára àwo ẹ̀yẹ. Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ oníkíríkẹ́ẹ̀tì kan máa ń gbéṣẹ́ wá fún mi: àwo kan ṣoṣo, fún ọ̀dọ́ tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Nàìjíríà tí wọ́n gbà pé ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ dára jù. Lọ́dún yẹn, Bísọ́lá, ọmọ màmá ẹlẹ́ja yìí, ló gbà á. Ọmọ náà ti lọ ju bọ́ọ̀lù fún wa nílẹ̀ òkèèrè, ó sì lé àwọn onílé jáde lórí pápá wọn.

Ládùúgbò wa, oníbàárà kì í mú ọ̀rọ̀ wá tán. "Ẹ fi àyè sílẹ̀ ná, a ó fi orúkọ ránṣẹ́," ni wọ́n máa ń wí. Àwa náà á fi àyè sílẹ̀, kí wọ́n má baà gbéṣẹ́ lọ sílé kejì. Alhaji Làmídì, ará Ìsẹ́yìn tó kọ́ mi níṣẹ́, kórìíra àṣà yìí. "Ẹni tó máa gbé e relé ni kó o kọ́kọ́ gbẹ́ orúkọ rẹ̀!" ni wọ́n máa ń pariwo. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo rò pé ogbó ló ń dà wọ́n láàmú.

Alága ẹgbẹ́ wá lẹ́ẹ̀kínní: kí n fi fọ́tò wọn sí i. Ó kúkú tọ́, ṣebí alága ló ń sáré nínú oòrùn! Wọ́n wá lẹ́ẹ̀kejì: kí fọ́tò tóbi sí i, kí fìlà lè hàn dáadáa. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè, oyè náà sì gùn tó títì Pedro. Ibo ni kí n kó o sí? Mo kó o sí àyè tí mo fi sílẹ̀ fún Bísọ́lá. Ọwọ́ mi yìí ló ṣe é o. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ gbé àwo náà fún Bísọ́lá, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó ka ohun tó wà lára àwo.

"Iléèwé òkèèrè tó fẹ́ gbà á ní kó fi àwòrán àwo náà ránṣẹ́ kí aago méjìlá tó lù lónìí," ni màmá wí. "Ta ló máa gbà pé ọmọ mi ló ni ín?"

Ojú tì mí, mi ò lè gbójú sókè. Mo pe alága.

"Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò níwájú o," ni wọ́n wí. "Àyè pọ̀ lẹ́yìn. Ẹ gbẹ́ orúkọ ọmọ náà síbẹ̀."

Màmá gbọ́ ọ. "Ṣé ẹ̀yìn pápá ni ọmọ mi dúró sí gbá a ni?"

Inú bí mi. Aago mẹ́wàá ti kọjá. Mo tú irin pẹlẹbẹ tí fọ́tò alága wà lára rẹ̀ kúrò níwájú àwo, mo gbé tuntun sórí ẹ̀rọ. Ní lẹ́tà kẹta, iná lọ. Iná wa mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Mo fa jẹnẹrétọ̀, mo sì gbẹ́ orúkọ Bísọ́lá gàdàgbà. Màmá fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, omi bọ́ lójú wọn. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago méjìlá lù, a ti fi àwòrán náà ránṣẹ́.

Iléèwé gbà á. Èmi náà ti gbọ́n: kí n tó tan ẹ̀rọ báyìí, orúkọ ẹni tó máa gbé e relé ni mo ń kọ́kọ́ bèèrè.

Nígbà tí Bísọ́lá fẹ́ rìnrìn àjò, alága múra lọ sílé wọn láti gbé àwo náà dání ya fọ́tò. Wọ́n wá ara wọn títí lójú àwo, wọn ò rí i. Wọ́n fìbínú pè mí.

"Orúkọ mi dà? Fọ́tò mi dà?"

"Ẹ yí i padà, sà," mo ní. "Àyè pọ̀ lẹ́yìn."