Ẹ̀rọ Tó Há sí Agbedeméjì

Nígbà tí ìjọba ti bodè pa, gbọ̀ngàn ìdánwò orí kọ̀ǹpútà kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ílaròó. Àwa méjì là ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀: èmi àti ẹ̀gbọ́n kan, ará Òkè-Ọ̀dàn, tó ti ṣe tíṣà ìṣirò rí kó tó bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ńlá kan ló ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà tó kù. Sáfà là ń pè é. Ó rí pẹlẹbẹ, ó gùn, ó sì wúwo gan-an. Inú àgbékà irin kan ló wà, lórí irin méjì tó ń yọ́ wọlé yọ́ jáde, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, irú èyí tí káfíńtà máa ń fi sí dúrọ́ọ̀. Tí a bá fẹ́ ṣí inú rẹ̀, ṣe ló yẹ ká kàn fà á síwájú.

Màmá kan l'Àjàṣẹ́, ní òdìkejì bodè, ló ta ẹ̀rọ náà àti irin rẹ̀ fún ọ̀gá wa. Òun àti ọkùnrin kan tó máa ń bá a to nǹkan ni wọ́n jọ máa ń wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹrù ló kọ́kọ́ dé, wọ́n sì ti bodè kí àwọn fúnra wọn tó lè sọdá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n la to ó. Ó wọlé, inú wa dùn.

Nígbà tí ìdánwò ku dẹ̀dẹ̀, fáànù inú sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni tó ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. A pa ẹ̀rọ, a fà á síwájú kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dé agbedeméjì, ó dún "kẹ́ù", ó dúró. A tì í, kò padà. A fà á, kò wá. Àgbékà náà wá ń tẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀.

"Àbúrò, dì í mú!"

Ẹ̀gbọ́n sáré gbé tábìlì wá sábẹ́ rẹ̀, ó sì ń to ìwé ìṣirò léra wọn títí wọ́n fi kan ìdí ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn ni mo tó mí.

Mo mọ̀ pé irú irin bẹ́ẹ̀ máa ń ní ahọ́n kékeré kan tí èèyàn máa tẹ̀ kó tó lè kọjá ibi tó ti dúró. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wá a títí, n kò rí i. Lẹ́tà tí ẹnì kan fi yíǹkì kọ sára irin ni mo rí: G lọ́tùn-ún, D lósì. Mo ti rí wọn nígbà tí à ń to ó. Lọ́kàn tèmi, G dúró fún "good", D dúró fún "damaged".

"Ẹ̀gbọ́n, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé D yìí ló bàjẹ́."

Ó mi orí. "Ta ló máa ta irin tó bàjẹ́, tó tún máa kọ ọ́ sí i lára? Pe Màmá."

Mo pè é, mo kí i, mo ròyìn fún un. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn.

"Ọmọ mi, Faransé ni! *Gauche* ni G, òsì nìyẹn. *Droite* ni D, ọ̀tún nìyẹn. Ṣé ọ̀tún lẹ fi G sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ahọ́n wọn ti kọjú sínú nìyẹn, ẹ̀rọ ti bò ó. Ẹ ti nǹkan pẹlẹbẹ bọ àlàfo tó wà láàárín irin àti ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ ahọ́n náà lọ́tùn-ún lósì lẹ́ẹ̀kan náà."

Rúlà irin méjì la lò. Ẹ̀gbọ́n dúró lápá kan, èmi dúró lápá kejì. "Ó yá," ló wí. A tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀, a fi ọwọ́ kejì fà á, ẹ̀rọ náà sì yọ́ jáde sórí àwọn ìwé. A tú irin méjèèjì, a pààrọ̀ ipò wọn, a sì gbé ẹ̀rọ padà. Ó wọlé, ó jáde, ahọ́n rẹ̀ wà níta gbangba. Ṣùgbọ́n ó ń ha.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́, àbúrò. Kí ló tún kù?"

"Apá òsì ló ń ha. Mo fẹ́ mọ ohun tó fà á."

Mo gbé etí sún mọ́ ọn, mo ní kí ó máa tì í wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Níwájú, kò dún rárá. Bó ṣe ń sún mọ́ ẹ̀yìn ni ariwo ń pọ̀. Mo mú téèpù, mo wọn gíga irin náà láti ilẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ rẹlẹ̀! Àwọn ihò tí à ń de irin mọ́ kéré, wọ́n sì sún mọ́ra, a sì ti dè é mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ èyí tó yẹ. A gbé e sókè, a tún un dè.

Lẹ́yìn èyí, ìka kan ti tó láti tì í. Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wá tan tọ́ọ̀ṣì, tó kúnlẹ̀, tó ń wo àwọn rogodo irin wẹ́wẹ́ tó ń yí nínú ojú ọ̀nà wọn.

"Fà á lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní. Mo fà á. "Tún tì í."

A wá ṣí ìdérí sáfà. Ilé tí agbọ́n fi amọ̀ kọ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, apá fáànù ti ń ha á lára bó ṣe ń yí. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé náà mọ́. Mo fi rúlà ha á kúrò, mo gbá iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jọ sínú bébà, èmi àti ẹ̀gbọ́n sì ń wo ihò tí sáfà fi ń mí, à ń bi ara wa léèrè èwo nínú wọn ni agbọ́n náà lè gbà wọlé.