Síìpù Há Mọ́ Màmá Télọ̀ Lọ́wọ́

Oṣù mẹ́ta péré ni Màmá Télọ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun máa lò lókè òkun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ta ni yóò bá a wẹ ọmọ? Ó da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọṣẹ́ má fọwọ́ kàn án títí òun á fi dé. Oṣù mẹ́ta ọ̀hún ti di oṣù mẹ́rìnlá. Ọmọ tó wá wẹ̀ ti ń sáré kiri ilé, ó ń fa wáyà fóònù já. Ẹ̀rọ ṣì wà lábẹ́ aṣọ.

Ta ló fà á? Mi ò ní torí pé ó jẹ́ àgbàlagbà kí n máa bò ó: ẹnu ara rẹ̀ ló fà á. Lọ́sẹ̀ tó dé, ọkọ ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí i, ó gbé omi fún un, ó ní, "Màmá, ṣé ibí tù yín lára?" Kí ni obìnrin tí wọ́n kọ́ nílé fẹ́ sọ fún àna rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Háà, àna mi, ibí mà dáa o! Bí wọ́n bá ní kí n má padà sílé mọ́, mi ò ní jiyàn." Ọ̀rọ̀ iyì lásán ni. Gbogbo wa la máa ń sọ irú ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bu oúnjẹ fún á ní òun ti yó, kódà kí ebi máa pa á kú lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Bó o bá sọ bẹ́ẹ̀ ni fún un, bẹ́ẹ̀ ni ló máa gbọ́. Ó di ọ̀rọ̀ náà mú ṣinṣin. Ẹnu ẹyẹ ní í pẹyẹ.

Àjà kẹfà ni wọ́n ń gbé. Fèrèsé yàrá Màmá kì í ṣí ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Wọ́n ní nítorí ọmọdé ni. Ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà sì ń ti ara rẹ̀ pa. Lọ́jọ́ kan tí ọmọ rẹ̀ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, Màmá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti da ìdọ̀tí nù, ilẹ̀kùn sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀, gbàgà! Ó dúró síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo láyà. Aládùúgbò méjì kọjá. Ó kí wọn. Bàtà ara wọn ni wọ́n ń wò. Láti ọjọ́ yẹn, Màmá ò dá jáde mọ́.

Kílẹ̀ tó mọ́, ọmọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, àna rẹ̀ ti gbé ọkọ̀ èrò tó ń wà jáde. Ó ku Màmá àti ọmọ, ọmọ àti Màmá, pẹ̀lú ògiri mẹ́rin. Àdúrà gan-an, inú ló ń gbà á sí. Ó kígbe "Jésù!" lẹ́ẹ̀kan péré, ẹni tó ń gbé lábẹ́ wọn fi igi gbá òkè gbà-gbà-gbà. Nílé tiwọn ńkọ́? Bí Màmá bá ń gbàdúrà àárọ̀, gbogbo ilé ló ń rọ̀jò àmín. Ọmọ rẹ̀ yìí ló tiẹ̀ ń pariwo jù, torí ó ti jẹ ìgbátí rí lórí àmín kan tó sùn kọjá. Ọmọ kì í gbọ́ àdúrà ìyá rẹ̀ kó panu mọ́.

Bó bá pe ọkọ rẹ̀ ní Sọ́ńdè, Bàbá á ní, "Kò séwu o. Dáadáa la wà." Òun náà á ní, "Èmi náà wà dáadáa." Ṣùgbọ́n ohùn Bàbá ń tín-ín-rín sí i. Ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló tú àṣírí: Bàbá kì í jáde mọ́. Nírọ̀lẹ́, á gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n fi aṣọ bò, á jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Màmá lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní Wẹ́sidé kan, àna rẹ̀ wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní lọ́yà ti pe òun, ìwé ìgbélùú Màmá ti délẹ̀, ó ku kó fọwọ́ sí i ní Mọ́ńdè.

"Ohun tí ẹ ti ń fẹ́ látọjọ́ yìí, Màmá! Ẹ ò kàn ní lè jáde nílùú fún ọdún méjì ni, kí ìwé má bàa bàjẹ́. Ká tó lọ fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ ká lọ ṣe fàájì. A máa lọ pàgọ́ sínú igbó."

Ọdún méjì! Ẹ gbọ́ ohun tí Màmá sọ: "Ẹ ṣé, àna mi. Olúwa á gbọ́ tiyín." Àbí ẹ ò rí nǹkan! Inú bí mi débi pé bí mo bá wà níbẹ̀, mo máa já a ní èékánná.

Ó bá ọmọ rẹ̀ ní kíṣìnnì. "Ṣé onílé ti lé wa ni? Ẹni tó nílé, kí ló ń wá lọ sùn nínú igbó?"

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. "Màmá, fàájì ni." Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ṣé inú yín dùn sọ́rọ̀ ìwé yẹn? Màmá, mi ò mọ bí ǹ bá ṣe ṣe é láìsí yín."

Màmá wo ojú ọmọ rẹ̀ tí àìsùn ti sọ di pupa. "Inú mi dùn," ló ní.

Ní Sátidé, wọ́n wakọ̀ lọ sétí omi kan tí igi yí ká. Wọ́n pàgọ́ méjì sórí koríko: ńlá fún tọkọtaya àti ọmọ wọn, kékeré aláwọ̀ yẹ́lò fún Màmá. Bó bá jókòó, orí rẹ̀ kan òkè. Lọ́sàn-án, àwọn yòókù lọ ṣeré létí omi. Màmá ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Kò pẹ́ tí òjò fi dé, ó rá pálá wọnú àgọ́, ó fa síìpù pa. Nígbà tí ooru mú un, ó fẹ́ ṣí i. Síìpù ní òun ò lọ.

Ó fà á sókè, kò gbọ́. Ó fà á sísàlẹ̀, kò gbà. Aṣọ àgọ́ ti wọ ẹnu síìpù láti ìta. Màmá Télọ̀ tó ti fi síìpù sáṣọ ìyàwó, sáṣọ ọlọ́pàá, sáṣọ pásítọ̀ fún ogójì ọdún! Ó mú òrí nínú báàgì rẹ̀, ó fi pa á bó ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Ńṣe ló tún há sí i. Ó lè fa aṣọ náà ya o, ṣùgbọ́n ọwọ́ télọ̀ kì í fa aṣọ aláṣọ ya. Ó kígbe pe ọmọ rẹ̀, òjò gba ohùn mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ìwọ náà?" ó ń bá síìpù wí. "Ìwọ síìpù náà?"

Ó wo òkè, aṣọ ni. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, aṣọ ni. "Oṣù mẹ́rìnlá," ó ní, "oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti há báyìí." Ni ẹkún bá gbé e.

Òjò rọlẹ̀. Kò sẹ́nìkan nítòsí, kò sí aládùúgbò tó máa figi gbá òkè. Màmá kúnlẹ̀, ó tẹrí ba, ó sì lanu gba odindi àdúrà fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti dé.

"Olúwa, mo parọ́. Mo parọ́ fún àna mi, mo parọ́ fún ọmọ mi. Mi ò gbádùn ibí. Ilẹ̀kùn wọn ń bà mí lẹ́rù. Ọkọ mi ń jókòó ti ẹ̀rọ bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Má ṣe jẹ́ kó kú dè mí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn ọmọ mi, Olúwa, wá ẹlòmíràn tó máa ràn án lọ́wọ́. Má jẹ́ kí n fọwọ́ síwèé yẹn. Mú mi padà sílé mi. Mú mi padà sọ́dọ̀ ọkọ mi."

Ó dákẹ́. Ìgbà náà ló rí i. Òjìji ẹnìkan wà lára aṣọ yẹ́lò náà, pẹ̀lú agboòrùn lọ́wọ́, ó dúró gbagidi. Ọmọ rẹ̀ ni, ó wá mú aṣọ gbígbẹ fún ọmọ. Gbogbo rẹ̀ ló ti gbọ́.

Ọmọ rẹ̀ lè rọra yọ́ padà sétí omi bí ẹni tí ò gbọ́ nǹkan kan. Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá lọ, Mọ́ńdè á dé, òun náà á fọwọ́ síwèé, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Òjìji náà ò kúrò. Agboòrùn bọ́ sílẹ̀.

"Àmín," ni ọmọ rẹ̀ wí láti ìta, ẹkún sì gbà á lẹ́nu. "Màmá, àmín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ yọ aṣọ kúrò lẹ́nu síìpù, díẹ̀díẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.