Igi Sídírì Tó Hù Lẹ́bàá Máńgòrò

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún mi, nígbà tí mo ṣì kéré, tí òun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Ó ní Àlàájì kan nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jáde síta àgọ́, ó rí igi kan, ó ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ kékeré, ó sì fi í ṣe pákò bí a ti ń ṣe nílé. Kó tó tutọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ariwo ti ta. Ẹnì kan ní kó lọ pa àgbò fún ìtánràn. Ẹlòmíràn ní rárá, sàárà tó o. Ẹnì kẹta ní àwọn kò tilẹ̀ tíì wọ ibi tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀, kó máa fọ eyín rẹ̀ lọ. Títí wọ́n fi wọ bàálù padà, Àlàájì yẹn kò mọ̀ bóyá òun ṣẹ̀ tàbí òun kò ṣẹ̀.

"Ohun tó bá dá hù nílẹ̀ Haramu, lórí ilẹ̀ ọ̀wọ̀ tó yí Mẹ́kà ká," ni ìyá mi wí, "ọmọ ènìyàn kì í gé e. Èyí tí ọmọ ènìyàn bá fọwọ́ gbìn ló lè gé."

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Mi ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń rín.

Ó ti pẹ́ báyìí tí mo ti ń kọ́ni níṣẹ́ ẹ̀rọ ní Jẹ́dà. Ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, dókítà ni níbẹ̀. Bàbá onílé wa, Lárúbáwá àgbàlagbà kan tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ju oúnjẹ lọ, ní ilẹ̀ kan tí wọ́n mọ odi yí ká lójú ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Mẹ́kà. Yàrá méjì ló wà níbẹ̀, àti kànga kan tí omi rẹ̀ níyọ̀ díẹ̀. Ìyókù, òkúta ni. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń mu tíì, ó wò mí, ó ní:

"Ùstáàsì, ẹ̀yin ará Áfíríkà mọ igi. Lọ gbin èso sí ilẹ̀ mi yẹn. Èyí tó bá so, ká jọ pín in."

Mo ṣàlàyé fún un pé nílé wa, ẹni tí wọ́n bá yá nílẹ̀ kì í gbin igi sí i. Iṣu ni yóò gbìn, àti àgbàdo, torí ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ti fẹ́ sọ ọ́ di tirẹ̀. Bàbá wò mí bí ẹni tí oòrùn ti pa jù.

"Kí ló ń jẹ́ iṣu?" ló bi mí.

Bí mo ṣe gbà nìyẹn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a kó sínú ọkọ̀, èmi, Ìyá Ìbejì àti àwọn ìbejì, ó di oko. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Nílé wa, ìṣánko ni ìbẹ̀rẹ̀ oko. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo mú àdá dání, mo yí odi náà po, mò ń wá igbó tí n ó ṣán. N kò rí koríko kan. Mo dúró, mi ò mọ ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ oko tí kò ní igbó. Nígbà tó yá, mo gbé dígà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò. Bí mo bá sọ ọ́ mọ́lẹ̀, iná a ṣẹ́ yọ lára òkúta. Mo lọ bá ará Sùdáànì kan tó ń sin ewúrẹ́ nítòsí, mo kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ wá, mo dà á sínú gbogbo kòtò náà. A ra ọ̀gbìn ọsàn wẹ́wẹ́, a ra gúáfà, a ra rùmánì, èso pupa oníhóró wẹ́wẹ́ tí àwọn Lárúbáwá fẹ́ràn. Ọkọ̀ omi ń gbé omi dídùn wá fún wa, a sì ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kán an sídìí igi díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan kú. A tún òmíràn gbìn.

Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn, tèmi ni wọ́n. Ti Ìyá Ìbejì, igi kan péré ni.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá ṣe Úmúrà, ó mú máńgòrò kan bọ̀ láti abẹ́ igi tí bàbá ìyàwó mi tó ti ṣaláìsí máa ń jókòó sí ní Abẹ́òkúta. Ebi pa á nínú bàálù, ó jẹ ẹ́, ó wá di kóró rẹ̀ mọ́ etí ìborùn. Inú agolo òróró lójú fèrèsé wa ló ti hù. Nígbà tó ga tó orúnkún, ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí oko, òun ló sì tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni nǹkan kan yọrí lẹ́bàá rẹ̀, nínú kòtò kan náà. A rò pé koríko ni. Nígbà tí ẹ̀gún jáde lára rẹ̀, bàbá onílé ní igi sídírì ni, èyí tí àwọn àfáà wa nílé máa ń ra ewé rẹ̀ ní lílọ̀. Omi tí a fi ń rin máńgòrò, òun ló ń mu ún. Ó ń ga, ewé máńgòrò ń pọ́n, ó ń rọ. Mo ní ká tu máńgòrò lọ sí ibòmíràn, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ti rá wọ àárín òkúta. Bí a bá fà á, yóò já. Ọ̀kan nínú igi méjèèjì gbọ́dọ̀ lọ.

Àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí òpó ààlà Haramu lókè ọ̀nà. Òpó kan wà lápá ọ̀tún wa, òmíràn wà lápá òsì, lókèèrè. Láti òpó kan dé èkejì, ẹnikẹ́ni kò ta okùn. Ṣé inú la wà ni, àbí ìta?

Àbúrò ìyàwó mi ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ẹ̀sìn ní Mẹ́kà, àdúgbò Misfalah níbẹ̀ ló ń gbé. A ránṣẹ́ sí i, ó wá.

"Mùfútì," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é, "wá dájọ́ fún wa. Ṣé kí n fà á tu?"

Ó rìn yí igi náà po. "Ta ló gbìn ín?"

"Kò sẹ́ni tó gbìn ín."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Inú ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí ọkọ mi dà síbẹ̀ ló ti hù."

Ó kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ dà á síbẹ̀ kí sídírì lè hù?"

"Mo dà á síbẹ̀ kí máńgòrò lè sanra."

"Hẹ́ẹ̀n. A jẹ́ pé ewúrẹ́ ló gbìn ín."

"Ewúrẹ́ ha ń gbin igi?" ni ìyàwó mi bi í.

"Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀."

"Látọjọ́ tó o ti wọ ilé ìwé yẹn, gbogbo ohun tó o mọ̀ ò ju 'ó jinlẹ̀' lọ. Ṣé kànga ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ ni?"

Bàbá onílé, tó jókòó sórí àga rẹ̀ tó ń gbọ́ èdè tí kò yé e, ní ká túmọ̀ rẹ̀ fún òun. A túmọ̀ rẹ̀. Ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ewúrẹ́ kọ́! Èmi ni! Ibí ni mo máa ń jókòó jẹ èso sídírì. Ibẹ̀ ni mo ń tu kóró rẹ̀ sí."

Inú ìyàwó mi dùn. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ti sún mọ́ bàbá. "Bàbá, nígbà tí ẹ ń tu ú, ṣé ẹ ní in lọ́kàn pé kó hù?"

"Ọmọ mi, orúnkún tó ń dùn mí ló wà lọ́kàn mi."

"Títu kóró kì í ṣe gbígbìn nígbà náà," ni mùfútì wa wí.

"Ká ní mo ní in lọ́kàn ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ má parọ́ nítorí igi."

Mo bi bàbá bóyá ilẹ̀ rẹ̀ wà nínú ààlà. Ó ní bàbá òun sọ pé inú ni, ẹ̀gbọ́n bàbá òun sọ pé ìta ni, àwọn méjèèjì sì bá ọ̀rọ̀ náà dé sàréè. Mo bi àwọn ìbejì, kí n lè fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan fi èdè Lárúbáwá sọ pé inú ni. Èkejì ní ìta ni.

Àbúrò ìyàwó mi padà sí Mẹ́kà láti lọ bi àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ọ̀kan ní inú ni. Òmíràn ní ìta ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú. Ewé máńgòrò ń já.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, mo bá ìyàwó mi níwájú igi náà. Ó ti fi aṣọ wé ọwọ́, ó di sídírì mú nídìí. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó di í mú títí, ó sì tú ọwọ́ sílẹ̀.

"Bàbá Ìbejì," ó ní, kò wẹ̀yìn, "gbogbo ọjọ́ ayé bàbá mi ló fi tọrọ kóun dé ilẹ̀ yìí. Kò dé e. Nígbà tí mo gbin igi rẹ̀ síbí, mo ní, ó dé wàyí. Bí wọ́n bá ní ìta ni, mo lè tu ẹ̀gún yìí, àmọ́ bàbá mi ò dé. Bí wọ́n bá ní inú ni, ó dé, ẹ̀gún á sì pa á níbẹ̀. Èwo ni kí n máa tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run?"

Látìgbà tí a ti ń jà lórí ewúrẹ́ àti itọ́, mi ò mọ̀ pé ohun tó ń bẹ nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù rẹ̀ dún. Àbúrò rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ń ta sókè, mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n! Àfáà àgbà kan ni, gbogbo òpó ààlà wọ̀nyẹn ló ti fẹsẹ̀ rìn dé. Ó ní kí n kàn sọ ibi tí ilẹ̀ náà wà, òun á sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó jókòó tì mí níbí. Ṣé kí n bi í?"

Ìyàwó mi gbé fóònù kúrò létí. Ó wo máńgòrò, ó wo òpó tó wà lókèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ṣé kí n bi í?"

Ó na fóònù náà sí mi. Mo gbà á, mo gbé e sétí, mo ń gbọ́ bí àfáà náà ti ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn, tó ń dúró dè wá. Ìwọ tí o jókòó tì mí látàárọ̀ tí o ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ká ní ọwọ́ rẹ ni fóònù yẹn wà, ṣé o máa ní kó bi í?