Fóònù Tí Kò Gbọdọ̀ Yó

Bí iná bá dé ní òpópónà àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, ibi ṣájà ni gbogbo ènìyàn máa ń sáré lọ. Ẹni tó ń jẹun yóò gbé abọ́ sílẹ̀, ẹni tó ń jà yóò ní kí ọ̀tá rẹ̀ ṣì dúró ná. Obìnrin kan ṣoṣo ló máa ń sáré lọ gbá fóònù tirẹ̀ mọ́ àyà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì ràn án lọ́wọ́. Tàwàkálítù ni orúkọ rẹ̀, Alhaja Sítíkà ni àdúgbò ń pè é. Kò tíì dé Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n ní Ṣómólú, obìnrin tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó tún ní ẹ̀rọ tirẹ̀, Alhaja ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí físà rẹ̀ kó lọ béèrè ní pápákọ̀ òfurufú.

Fóònù Alhaja kì í yó. Bí ó bá ti gba iná dé pàsẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oúnjẹ parí nìyẹn. Alhaja yóò fa wáyà yọ. Kì í ṣe pé ó ń ṣahun sí i. Ìfẹ́ ló fi ń febi pa á.

Ẹ̀rọ agésítíkà mẹ́ta ló bá kọ̀ǹtẹ́nà kan dé sí òpópónà náà ní nǹkan bí ọdún márùn-ún ṣáájú. Wọn a kọ orúkọ sínú fóònù, fóònù a fi Bluetooth sọ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ a sì fi abẹ rẹ̀ kékeré gé lẹ́tà náà jáde lára rọ́ọ̀lù sítíkà, yóò dán, yóò gún régé. Áàpù kan ṣoṣo ló gbọ́ èdè ẹ̀rọ náà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe áàpù ọ̀hún ti kógbá sílé, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè rí i mọ́. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti orí fóònù kan sí òmíràn, yóò dé, yóò jókòó, yóò sì ní kí wọ́n lọ gba páásíwọọ̀dù wá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ti kú.

Ẹni tó ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́ gba update lọ́jọ́ Ajé kan, áàpù kò ṣí mọ́, ó sì kó lọ sí Ìkòròdú, ó ń ta ìrẹsì níbẹ̀. Mùtíù, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ti Alhaja, ló ra èkejì. Fóònù ṣèlérí fún un pé bí ó bá lè tẹ "Install now", òun yóò fún un ní ọgọ́ta emoji tuntun. Mùtíù tẹ̀ ẹ́. Ó rí èyí tó ń rẹ́rìn-ín, ó rí èyí tó ń sunkún, èyí tó ń sunkún ló sì kọ́kọ́ lò. Láti ọjọ́ náà, orí ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń gbé búrẹ́dì àárọ̀ lé.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ku ti Alhaja nìkan. Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Fádèyí ló sọ fún un pé update kò lè wọlé sí fóònù tí iná ara rẹ̀ kò bá tó ọgbọ̀n pàsẹ́ǹtì. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọkùnrin náà ṣì fẹ́ sọ ìyókù, ṣùgbọ́n Alhaja kò dúró gbọ́ ọ. Ó ti rí ohun tó ń wá.

Ọdún 2019 ni. Update ọ̀hún ti wọ inú fóònù náà láti bí oṣù mẹ́jọ, ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tó gbé báàgì wá, ó ń dúró de ọjọ́ tí onílé yóò yó. "Later" ni Alhaja máa ń tẹ̀ fún un. Nígbà tó tẹ "Later" títí, fóònù mú "Later" kúrò lójú rẹ̀ pátápátá.

"Ogún ọdún rèé tí ṣójà ti kúrò lórí àga," Alhaja sọ fún Mùtíù lọ́jọ́ náà. "Àfi fóònù tí mo fowó mi rà ló tún ń pàṣẹ fún mi, tó ní torí ire mi ni."

"Ẹ jẹ́ kó wọlé jàre, Alhaja. Kámẹ́rà yín á dáa sí i."

"Kámẹ́rà tìẹ dáa, àbí? Kí lo fi ń yà?"

Mùtíù ro ó díẹ̀. "Búrẹ́dì," ó ní.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Fọlọ́runṣọ́ gòkè wá láti etí omi ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà. Òun ni olórí àwọn apẹja kan níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Olúwafimíhàn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Palmgrove, tẹ̀lé e wá. Ìdúpẹ́ ọdọọdún àwọn apẹja bọ́ sí Sọ́ńdè, wọ́n sì fẹ́ kí orúkọ wà lára gbogbo ọkọ̀ wọn, apá ọ̀tún àti apá òsì. Ogójì ọkọ̀ ni. Irọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ̀ ẹ́ tán.

Ọkàn Alhaja fò sókè, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dé ojú. Gíláàsì ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ márúwá ló ti ń gé nǹkan fún láti ọjọ́ yìí. Iṣẹ́ tí yóò máa rìn lójú omi, tí gbogbo èrò orí afárá yóò máa kà, kò tíì kàn án rí. Bí èyí bá bọ́ sí i, etí omi tó kù náà yóò wá a wá. Bí kò bá bọ́ sí i, òun náà yóò wá nǹkan gbé lé orí ẹ̀rọ.

Ó gba ìwé orúkọ náà, ó ń kà á. "Olúwa Ni Atukọ̀ Mi. Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni," Fọlọ́runṣọ́ dáhùn.

"Ẹ̀yin wá ń kọ́? Iṣẹ́ kí lẹ̀ ń ṣe nínú ọkọ̀ náà?"

"Èmi ni mò ń gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù."

Alhaja tẹ orúkọ náà sínú fóònù, ẹ̀rọ dáhùn, ó gé e jáde bí ẹni ń fi abẹ kọ lẹ́tà sí olólùfẹ́. Fọlọ́runṣọ́ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí àkókò ìrun Alásárì fi tó. Alhaja gbé fóònù sórí tábìlì, ní pàsẹ́ǹtì mọ́kàndínlógún, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó sì lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Olúwafimíhàn rí bátìrì tó ti pupa. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó mú power bank jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ki wáyà rẹ̀ bọ fóònù náà. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó ní òun kò rò pé owó ilé ẹ̀kọ́ tí òun san ṣòfò.

Aago mẹ́rin kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni Alhaja padà dé.

"Ẹ kú àdúrà, mà," ni Olúwafimíhàn wí. "Mo ti bá yín ṣáájì fóònù yín."

Ojú fóònù sọ pé mẹ́rìndínlógójì. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá pé ní aago márùn-ún géérégé, òun yóò pa ara òun, òun yóò tún ara òun tàn, update yóò sì parí. Alhaja fa wáyà yọ, ó jókòó sórí rọ́ọ̀lù sítíkà. Ó ṣàlàyé ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àwọn oníbàárà rẹ̀, láti orí kọ̀ǹtẹ́nà títí dé orí búrẹ́dì, láìmí. Ojú Olúwafimíhàn rẹ̀ wálẹ̀.

Mùtíù ti rékọjá títì. "Ẹ pa fóònù náà, Alhaja."

"Kí n pa á? Ìgbà tí mo bá tàn án ló máa ṣe é. Ṣebí bí tìẹ ṣe kú nìyẹn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló kù. A máa jẹ́ kébi pa á ni."

Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ó fa ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ dé òpin. Ó ṣí fídíò ìkómọ kan, ó jẹ́ kó máa pariwo. Márùndínlógójì. Mùtíù ní fídíò kì í jẹ iná tó ìpè olójúsójú. Ni Alhaja bá pe Mojíbọ́lá, àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn, ojú sí ojú.

"Mojíbọ́lá, máa sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ kí ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ti ohun tí ọkọ ẹ ṣe lọ́dún tó kọjá."

"Mo ti dárí jì í."

"Gba ìdáríjì náà padà fún ogún ìṣẹ́jú. Máa sọ ọ́."

Mojíbọ́lá kò béèrè ìdí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìparí oṣù kìíní. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Àwọn tó ń gé ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kejì pa ẹ̀rọ wọn kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Méjìlélọ́gbọ̀n. Mùtíù ń ké nọ́ńbà náà bí ẹni ń ka ìbò, Fọlọ́runṣọ́ sì di aago ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi," ni Olúwafimíhàn ń wí. "Bọ́tìnnì rẹ̀ wà nínú settings. Mo lè dá update náà dúró."

"Ìwọ tó fún un lóúnjẹ?"

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú méje. Fóònù dé orí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì dúró síbẹ̀ bí màlúù tó kọ̀ láti sọdá títì. Mojíbọ́lá ti dé oṣù kẹfà, inú ń bí i gidi, síbẹ̀ nọ́ńbà kò yẹ̀.

Fọlọ́runṣọ́ gbójú sókè lára aago. "Alhaja," ó ní, "ogójì ọkọ̀ ni. Ẹ fún ọmọ yẹn."

Láti ìgbà tó ti ra fóònù náà, ọwọ́ ẹlòmíràn kò kàn án pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀. Alhaja nà án sí ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n kò fi etí kan sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ dì í mú bí ẹni tó fẹ́ jọ pín iṣu sísun. Olúwafimíhàn wọ inú settings, ó wá ibi tí wọ́n kọ "Build number" sí nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀méje.

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ní ẹ ti di developer, mà."

"Àwọn developer ló wó ilé bàbá mi ní Bàrígà. Mi ò fẹ́ ẹ nínú fóònù mi."

"Eléyìí kì í wólé, mà."

Ojúewé tuntun kan ṣí. Láàárín rẹ̀ ni "Automatic system updates" wà, bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tó ẹ̀wà. Olúwafimíhàn fi ìka rọra tì í, àwọ̀ ara rẹ̀ sì kú. Ó padà sí ibi tí fóònù ti ń fa update wá fúnra rẹ̀, ó pa ìyẹn náà. Ó ku ìṣẹ́jú kan. Ní ìṣẹ́jú kan náà yẹn ni bátìrì ògbólógbòó yẹn bọ́ láti orí mọ́kànlélọ́gbọ̀n sórí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Aago márùn-ún lù. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ àfi Mojíbọ́lá. Ìṣẹ́jú kan kọjá, èkejì kọjá. Fóònù kò kú. Alhaja ṣí áàpù, ó tẹ orúkọ ọkọ̀ kejì, ẹ̀rọ mira, abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ariwo tó sọ ní ṣọ́ọ̀bù náà mú kí Mojíbọ́lá béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ọkọ òun ló ń dùn mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀.

"Ebi ló ṣe é," ni Mùtíù wí.

"Bọ́tìnnì ni," Olúwafimíhàn dáhùn.

Kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Alhaja sì wà lẹ́yìn ebi.

Iná dé ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òpópónà ké, gbogbo ènìyàn sáré, Alhaja náà gbá fóònù mọ́ àyà. Olúwafimíhàn ń wò ó. Alhaja wo ìwé orúkọ. Méjìdínlógójì ṣì kù, lẹ́tà ńláńlá, apá ọ̀tún àti apá òsì. Fóònù tó ń jẹ pàsẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lóòjọ́ kò lè gé ọkọ̀ mẹ́fà kó tó dákú. Ó wá yé e ìdí tó fi jẹ́ pé gíláàsì àti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń mọ láti ọdún yìí wá.

Ó ṣe Bisimilahi, ó ki ṣájà bọ̀ ọ́.

Kò kúrò nídìí rẹ̀. Nígbà tó dé ọgbọ̀n, ó mí kanlẹ̀. Ní ogójì, ó ní kí Mùtíù wá jókòó ti òun. Ní ọgọ́ta, ó béèrè lọ́wọ́ Olúwafimíhàn bóyá ó ti lọ́kọ. Fóònù ń yó, kò sì sí ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, ó dé ọgọ́rùn-ún, nọ́ńbà tí Alhaja kò tíì rí lójú rẹ̀ láti ọjọ́ tí ebi ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí Mùtíù fi kámẹ́rà rẹ̀ tó dáa yà á. Ó kúkú sàn ju búrẹ́dì lọ.

Ọjọ́ Ẹtì àti òwúrọ̀ Sátidé, ẹ̀rọ kò sinmi. Mùtíù ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó wá ń bá Alhaja ṣí àjẹkù sítíkà kúrò láàárín lẹ́tà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé iṣẹ́. Ní Sọ́ńdè, ogójì ọkọ̀ tẹ́ lọ sórí ọ̀sà pẹ̀lú orúkọ wọn lára, ti Fọlọ́runṣọ́ ló ṣíwájú, òun fúnra rẹ̀ sì ń gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù. Alhaja dúró ní etí omi, ó ń kà wọ́n sókè fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́.

Nígbà tó tún kọjá ní Fádèyí, ó sọ̀rọ̀ bọ́tìnnì fún ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe. Ọkùnrin náà ní ohun tí òun fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, tí Alhaja fi ti lọ. Alhaja ní kó máa yára sọ̀rọ̀.

Títí di òní, bí iná bá dé ní òpópónà yẹn, Alhaja Sítíkà ṣì máa ń fò dìde, yóò sáré dé ìdajì ọ̀nà kó tó rántí pé fóònù òun ti lè yó. Yóò wá yà sọ́wọ́ òsì jẹ́ẹ́, yóò bu omi mu, bí ẹni pé òùngbẹ ló gbé e dìde. Gbogbo àdúgbò náà ló gbà bẹ́ẹ̀.