Òwú Fìlà Lára Wáyà Bátìrì

Ojú kì í tì mí láti béèrè ọ̀rọ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, mo máa kọ́kọ́ béèrè ẹni tó kan ilẹ̀kùn ibẹ̀ kí n tó wọlé. Àbùkù yìí ni mo fi ń jẹun: fisíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Tamale, ní àríwá Ghana, láti ọdún mẹ́rin tí mo ti kó kúrò ní Ìbàdàn. Nítorí náà, nígbà tí mo ra ọkọ̀ àlòkù lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní àdúgbò Nyohini, tí mo rí i pé iná iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí béèsì orin bá dún, inú kò bí mi rárá. Mo kọjú ọkọ̀ sí ògiri ilé mi ní Vittin nírọ̀lẹ́, mo tan iná, mo tan orin, mo jókòó sínú rẹ̀, mo ń wo bí iná ṣe ń lọ sílẹ̀ tó tún ń gòkè lára ògiri. Aládùúgbò mi kan kọjá, ó kí mi, ó wo ògiri, ó wo èmi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ámpù méjì ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń fún ohùn orin lágbára kó tó dé inú sípíkà. Ọ̀kan ń gbé sípíkà ara ilẹ̀kùn, èkejì ń gbé béèsì tó wà nínú búùtù. Mo fẹ́ fi ẹ̀kẹta kún un fún àwọn sípíkà kéékèèké iwájú, torí béèsì yẹn ti bo olórin mọ́lẹ̀. Ńṣe ló ń dún bí ẹni tó ń kọrin láti inú kànga. Wọ́n ní kí n lọ bá oníwáyà ọkọ̀ kan ní Aboabo, pé Yorùbá bíi tèmi ni.

Yorùbá ni lóòótọ́, àmọ́ Yorùbá tibẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ló gbé wáàsí kúrò ní Ìlọrin dé Tamale, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bí bàbá rẹ̀ àti òun. Nítorí ilé àlùfáà tó ti jáde, Alfa ni gbogbo ayé ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáyà ló ń fà. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ jù mí lọ, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré. Bó bá ṣí ọkọ̀, á máa ka iṣẹ́ àwọn tó ti fọwọ́ kàn án ṣáájú rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé: ọlẹ ló so èyí, ebi ń pa ẹni tó so tọ̀hún, ẹni yìí, ọwọ́ òsì ló ń lò. Mo bi í léèrè bó ṣe mọ ti ọwọ́ òsì. Ó fi bí wáyà náà ṣe yí hàn mí, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó tú àga ẹ̀yìn, ó ká kápẹ́ẹ̀tì. Èmi náà wọ́ àpótí kan, mo jókòó tì í. Ó ní wáyà ńlá kan jáde láti ara bátìrì, ó gba ihò kan lára irin ẹ̀yìn ẹnjìnì wọ inú ọkọ̀, ó gba apá dírẹ́bà lọ sí búùtù. Ibẹ̀ ló ti máa pín sí mẹ́ta, bí páìpù kan tí wọ́n fi ẹnu ẹ̀rọ omi mẹ́ta sí. Bí béèsì bá dún lójijì, ńṣe ni ẹnu ẹ̀rọ tó tóbi jù ṣí, omi á rọlẹ̀ nínú táńkì, ìyẹn bátìrì, gbogbo ẹni tó kù tó ń pọn omi á sì mọ̀ ọ́n lára, títí kan iná iwájú mi. Wáyà tín-ínrín kan tún wà tó máa ń jí àwọn ámpù lójú oorun nígbà tí mo bá tan rédíò. Èyí tó ń gbé ohùn gba apá ọ̀tún ní tirẹ̀, torí bí ó bá bá wáyà iná rìn, sípíkà á máa kùn. Mo béèrè ìdí tí gbogbo ámpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi gbọ́dọ̀ fi wáyà dúdú wọn de ojú kan náà lára irin ọkọ̀. Ó dáhùn. Mo tún béèrè òmíràn. Ó ní láyé òun, òun ò tíì rí oníbàárà tó ń gba owó oṣù lórí ìbéèrè.

Lẹ́yìn náà ó bi èmi náà ní tèmi. Ó ní, níwọ̀n bí mo ti jẹ́ tíṣà, kí ni fíúsì tí wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì ń dáàbò bò? Mo ní ámpù ni. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé sípánà sílẹ̀. Ó ní ámpù ní fíúsì tirẹ̀ lára. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, wáyà ló ń ṣọ́. Bí irin ihò yẹn bá ha ara wáyà títí tó fi kan bàbà inú rẹ̀, gbogbo agbára bátìrì á dà sínú irin ọkọ̀, wáyà á pọ́n bí ẹyin iná. Fíúsì ni yóò kú kí ọkọ̀ má bàa jóná. Ojú tì mí díẹ̀, torí mo ti kọ́ ọmọ tó pọ̀ ní ọ̀rọ̀ fíúsì. Ṣùgbọ́n inú mi dùn ju ojú tó tì mí lọ.

Ìgbà yẹn ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti fi fíúsì ọkọ̀ tèmi hàn mí, tí a ò sì rí i. Wáyà náà lọ tààrà láti ara bátìrì sínú ihò, kò sí nǹkan kan láàárín. Alfa lanu. Ó pe fọkanáísà tó wà lápá ọ̀tún, ó pe télọ̀ tó wà lápá òsì, ó ní kí wọ́n wá wo iṣẹ́ apànìyàn. "Haba! Ẹni tó ṣe èyí, kò lọ́gàá. Ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ." Ó tún un sọ ní Hausa fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. A jọ bú ẹni náà dáadáa. Èmi náà fi díẹ̀ kún un.

Ó wá tẹ̀ síwájú, ó ń fi ọwọ́ tọ wáyà náà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Lójijì, ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Mo rò pé àkeekèé ló rí. Mo bẹ ojú wò, òwú funfun kan tí ìdọ̀tí ti bò ni wọ́n fi di wáyà náà mọ́ àwọn tó kù, wọ́n wé e yíká dáadáa, wọ́n ta kókó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Alfa fi èékánná ha á. Àbẹ́là wà lára òwú náà. Ó dìde, ó sọ fún fọkanáísà àti télọ̀ pé kí wọ́n máa lọ síbi iṣẹ́ wọn.

Mo bi í pé kí ló dé. Mo tún bi í. Ó jókòó sórí àpótí mi.

"Àǹtí Tíṣà, ọwọ́ mi ni," ló wí. "Òwú tí ìyá mi fi ń rán fìlà nìyí."

Ó ní ní ọdún àkọ́kọ́ tí òun dá dúró, òun ò lágbára láti ra ọ̀já oníke tí wọ́n fi ń di wáyà. Ìyá rẹ̀, tó ń rán fìlà tà, ló máa ń gé òwú fún un, á fi àbẹ́là pa á kó má bàa tètè já. Nígbà yẹn, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó kan gbé ọkọ̀ márùn-ún wá lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa dún lẹ́yìn ìyàwó lọ́jọ́ kejì. Alfa fi ámpù sí i, ó fi fíúsì sí i, ṣùgbọ́n ayédèrú ni fíúsì tó rí rà. Bí béèsì bá ti dún, ó ti jó. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ń pariwo. Ló bá yọ fíúsì kúrò nínú márààrún, ó so wáyà pọ̀ tààrà. Ó ní kí wọ́n gbé e padà wá lẹ́yìn ìgbéyàwó kí òun wá fi èyí tó dára sí i. Kò sẹ́ni tó padà wá. Ó ti di ọdún méjìlá.

Mo ní mẹ́rin ṣẹ́kù nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo béèrè ohun tó fẹ́ ṣe. Ó ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ènìyàn. Mo ní Ọlọ́run ń ṣọ́ ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ mi pé fíúsì ló ń ṣọ́ wáyà. Ó bínú. Ó ní bí òun bá ń kiri ìlú tí òun ń sọ pé òun so ọkọ̀ tó lè jóná, ta ni yóò gbé ọkọ̀ fún òun mọ́, kí sì ni àwọn ọmọ òun máa jẹ? Mo fi í sílẹ̀, mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó fi fíúsì sí tèmi, ó so ámpù kẹta, ó ṣe é dáadáa. Ohùn olórin jáde kedere. Mo wa ọkọ̀ délé, orin náà ò sì dùn mọ́ mi.

Ní ọjọ́ kẹta, mo bá a lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ wa, lórí alùpùpù rẹ̀. Ó ní òun ò rí oorun sùn. Ó ní èmi ni mo mọ ẹni tó ni ọkọ̀ mi tẹ́lẹ̀, bí ẹni yẹn bá sì wà lára àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó náà, ó máa mọ ibi tí ọkọ̀ àwọn tó kù wà. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá fi kún un pé, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi béèrè."

Ní Sátidé, a wọ ọkọ̀ mi lọ sí Nyohini. Mo ti ro irọ́ kan sílẹ̀ fún un, pé ọ̀fẹ́ ló ń yẹ ọkọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ wò. Irọ́ yẹn ló pa fún ẹni tó tà mí lọ́kọ̀. Ọkùnrin náà sọ fún wa pé wọ́n ti ta ọ̀kan nínú ọkọ̀ mẹ́rin náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó tẹ ẹni kejì láago ní Kumasi, ìyẹn ní ó pẹ́ tí òun ti tú gbogbo wáyà béèsì dànù. Ẹ̀kẹta wà ní Aboabo, ó ń ṣiṣẹ́ takisí. Ẹni tó ni ẹ̀kẹrin ń gbé ní Vittin, kò jìnnà sí ilé mi.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ onítakisí, mo la ẹnu láti pa irọ́ tèmi, Alfa sì ti ń sọ òótọ́. Ó sọ ọ́ láàárín àwọn awakọ̀ tó kù. Onítakisí náà kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀. Oníwáyà mìíràn ló ránṣẹ́ pè, ọ̀kan nínú àwọn tí Alfa ti bú níṣojú mi, ó ní kó wá fi fíúsì tí Alfa mú wá sí i. Alfa kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró títí wọ́n fi parí rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju gbogbo ọjọ́ tó fi ń pa mí lẹ́rìn-ín lọ.

Ọkùnrin ti Vittin fún wa ní àga àti omi tútù. Hausa là ń sọ. Tèmi ò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́. Nígbà tí a béèrè ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín kíkorò. Ó ní ó ti jóná láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nínú ọgbà yìí gan-an. Àbúrò òun ló yá a lọ, ó gbé e padà, ó wọlé, kò pẹ́ tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀. Àbúrò náà máa ń mu sìgá. Ó búra pé òun ò mu ún nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó jáde nílé òun, ó sì jáde, ó lọ sí Techiman. Nígbà tí ìyá wọn kú, ó wá, àárín àwọn àlejò ló sì jókòó sí.

Mo bi í pé ibo gan-an ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní láàárín ẹnjìnì àti dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá dírẹ́bà, nígbà tí àga ò tíì jó rárá. Láyé mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo béèrè ọ̀rọ̀ tí mo sì kábàámọ̀. Ibi tí wáyà yẹn gbà kọjá ni. Mo wo Alfa, mo sì yáa wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ilé yẹn. Ó lè kí wọn kú ewu, kó mu omi rẹ̀, ká sì máa lọ.

Alfa ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìgbéyàwó dórí fíúsì, kò fo nǹkan kan. Ó ní kì í ṣe sìgá. Ó ní ẹ̀bi òun ni.

Ọkùnrin náà kò bú u. Ó wo ògiri ọgbà, níbi tí ọkọ̀ náà ti máa ń dúró. Ó wá fa fóònù yọ, ó ń wá nọ́ńbà àbúrò rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó rí i. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta, ó nà án sí Alfa. "Sọ ọ́ fún un," ló wí, "bí o ṣe sọ ọ́ fún mi."

Alfa sọ ọ́. Àbúrò náà kò béèrè orúkọ Alfa, kò béèrè ohun tó gbé e wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀? Ṣé ó gbọ́ ohun tí ẹ sọ yìí?"

Ẹ̀gbọ́n náà na ọwọ́, ó gba fóònù. Ó ní òun wà níbẹ̀, òun ti gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò rí nǹkan kan sọ mọ́. Àbúrò rẹ̀ náà ò sọ nǹkan kan, àwọn méjèèjì ò sì pa fóònù.