Sàídì Olùtumọ̀ àti Ọba Inú Wàrà

Ẹnu Sàídì dùn ju oyin lọ, ẹnu ọ̀hún ló sì kó bá a. Ní gbọ̀ngàn sinimá kan ní Bẹẹrẹ, òun ló máa ń fi Yorùbá túmọ̀ ohun tí àwọn òyìnbó bá ń sọ. Gbohùngbohùn wà níta fún àwọn tí kò bá wọlé.

Lọ́dún 1961, wọ́n gbé sinimá àwòrán yíyà kan dé láti Rọ́ṣíà. Ewì àlọ́ àtijọ́ kan ni wọ́n fi ṣe é. Ọba arúgbó fẹ́ fẹ́ ọmọge. Ọmọge ní àfi kó kọ́kọ́ bẹ́ sínú wàrà tó ń hó, kó lè padà di ọ̀dọ́. Ìránṣẹ́ ọba kọ́kọ́ bẹ́ sí i, ó jáde, ó rẹwà. Ọba náà bẹ́ sí i, kò jáde mọ́.

Ta ní í sọ pé ọba kú? Sàídì ké pé, "Ọba wàjà o!" Gbohùngbohùn gbé e dé Ọjà'ba. Ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn oníṣòwò ti ń palẹ̀ mọ́, wọ́n rò pé ọba ìlú ló lọ. Ọlọ́pàá gbé Sàídì. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, Ọlábọ̀wálé tó ni gbọ̀ngàn kìlọ̀ fún un pé, "Bí ọba kankan bá tún wàjà lẹ́nu ẹ, wáṣẹ́ míì lọ."

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àlọ́ yẹn kan náà tún dé, èèyàn gidi ló ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Bí ọba ṣe bẹ́ sínú wàrà, ẹ̀rù ba Sàídì. "Ọba jáde! Ó ti di ọ̀dọ́! Ojú ẹ̀ mọ́ kedere!" Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rí i pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ gbohùngbohùn níta ni Bàbá Sàlámì jókòó sí. Ahunṣọ ni ládùúgbò wa ní Ìdí Arẹ́rẹ. Ojú rẹ̀ ti ń fọ́ lọ, Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ tuntun sì ti ń halẹ̀ pé ọkọ òun ti darúgbó jù, òun á padà sílé bàbá òun. Nígbà tí sinimá parí, bàbá dúró de Sàídì.

"Sàídì, ṣé wàrà màlúù ni?"

"Màlúù ni, bàbá." Kò tiẹ̀ wojú rẹ̀.

Inú ṣì máa ń bí mi bí mo bá rántí ìdáhùn yẹn. Láàárọ̀ Jímọ̀, Bàbá Sàlámì rán Àṣàkẹ́ lọ sí Gbági. Ó gbé wàrà kaná nínú ìkòkò irin ńlá, nígbà tó hó dáadáa, ó dà á lé ara rẹ̀ lórí. Igbe la gbọ́. A tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní ká bá òun pe Sàídì.

"Ọmọ mi, wò mí dáadáa. Ṣé mo ti di ọ̀dọ́?"

Sàídì dọ̀bálẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ ti di ọ̀dọ́, bàbá."